Nọ́ọ̀tì Tó Bọ́ Sínú Ẹ̀gúsí

ÌBÉÈRÈ

Iṣẹ́ ata lílọ̀ ni mo ń ṣe ní Warri Main Market. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń lọ ata, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ọgbọ̀nọ̀ níbẹ̀. Olóògbé ọkọ mi ló ra ẹ́ńjìnnì tí mo ń lò, ẹ́ńjìnnì díísù oníwíìlì irin ńlá méjì tí a ń fi ọwọ́ yí kó tó jí. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ ń ṣe é.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan, ìyá Urhobo tó ti mọ̀ mí tipẹ́, gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ délé, kò pẹ́ ló tún padà dé. Ó na ọwọ́ sí mi, nọ́ọ̀tì ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mama, na iron you grind join my egusi?" Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ojú gbà mí tì.

Ara sàlẹ́ńsà ni nọ́ọ̀tì yẹn ti bọ́. Ìgbà kẹrin nìyẹn láàárín oṣù mẹ́ta, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ bọ́ sínú oúnjẹ. Mẹkáníìkì wa kọ́kọ́ ní ká fi wọ́ṣà onísípíríǹgì sí i. A fi í, ó tún tú. Ó ní ká ra nọ́ọ̀tì onírọ́bà. A rà á, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí rọ́bà inú rẹ̀ fi yọ́ dànù. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ wa ní òun á jó o pa, kí gbogbo wa sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbà fún un.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń ta nọ́ọ̀tì àti bóòtù kó mẹ́ta fún wa, onírin látòkè délẹ̀, owó ẹyọ kan rẹ̀ tó ti nọ́ọ̀tì lásán mẹ́rin. Ọmọ mi wò ó, ó ní ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò rí róbótó. Ó fi ọwọ́ yí i sórí bóòtù, ó yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó há. Inú bí mi, mo ní kó kó ayédèrú rẹ̀, kó má tà á fún opó. Mo gba owó mi padà.

Ṣé mo ṣe ohun tó tọ́? Kí ni kí n lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo èyí: bóòtù mẹ́rin tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó ìjókòó rẹ̀ náà máa ń dẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni a ń fún un.

Ìyá Alọta, Warri

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà, ìyá, ẹ sì kú ojútì. Ẹ padà lọ bá ọkùnrin yẹn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì tí ẹ dá padà fún un gan-an ni sàlẹ́ńsà yín ń fẹ́.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ẹnu rẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ gé tírẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ bíi ti nọ́ọ̀tì gbogbo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á tẹ apá òkè rẹ̀ níhà méjì tàbí mẹ́ta, títí ihò tó rí róbótó yóò fi rí bí ẹyin, tàbí kó yọ igun mẹ́ta díẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi rí i yí lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ẹnu títẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti há. Láti ibẹ̀ lọ, ó di ọwọ́ spánà: bóòtù á fi agbára la ẹnu náà, irin ẹnu náà á sì máa fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á máa fún bóòtù lọ́rùn tọ̀sán-tòru. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ní fi ara rẹ̀ yí bọ́, kódà bí ohun tó dè bá ti dẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ irú ọgbọ́n yìí kí nọ́ọ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àáké ilẹ̀ wa kò ní ìṣó, kò ní wáyà. Ìrù irin ni wọ́n gbá wọ orí igi tó gbé e, fífún tí igi ń fún un ló dì í mú. Bó bá ń yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, baba á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, igi á wú, á tún fún irin. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà ń lo ọgbọ́n igi yẹn, rọ́bà inú rẹ̀ ló ń fún bóòtù. Ẹlẹ́nu títẹ̀ yìí, irin ló ń fún irin.

Iná ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí à ń pè ní rọ́bà níbẹ̀, náílọ́ọ̀nù ni, ibi tí ooru rẹ̀ bá ti kọjá 120 lórí ìwọ̀n Celsius kì í ṣe ibùjókòó rẹ̀. Omi tó ń hó lórí ààrò yín ti wà ní 100. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì díísù tó ń ṣiṣẹ́ gidi lè ju 300 lọ. Kò yà mí lẹ́nu pé rọ́bà yín yọ́, èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ó lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ibikíbi lára ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ẹ pa á, kí ẹ wọ́n ẹ̀kán omi kan síbẹ̀. Bó bá ta bí omi tó kan epo àkàrà, ẹ má fi nọ́ọ̀tì onírọ́bà síbẹ̀. Ẹ má sì jù wọ́n nù o. Wọ́n dára púpọ̀ níbi tó tutù: ìdè ẹnu ẹ̀rọ tí ẹ ń da ata sí, àti irin tó bo bẹ́líìtì.

Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ǹ bá ti sọ pé ẹ lọ rà á, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ nǹkan kan ní ìparí lẹ́tà yín tó jẹ́ kí n fura pé nọ́ọ̀tì nìkan kọ́ ló ń dà yín láàmú. Bóòtù ìjókòó ẹ́ńjìnnì ń dẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn nọ́ọ̀tì.

Nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu títẹ̀ ò ju ọlọ́dẹ ẹnu géètì lọ. Kò ní jẹ́ kí nọ́ọ̀tì jáde. Àmọ́ pé nọ́ọ̀tì wà lórí bóòtù kò sọ pé ohun tí wọ́n jọ dè ṣì le. Mo ti rí nọ́ọ̀tì irú èyí lórí ẹ́ńjìnnì tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀kan nínú wọn ò bọ́, gbogbo wọn ló dẹ̀. Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì ń bú ẹni tó ta nọ́ọ̀tì fún un, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé.

Kí ló wá ń mú nǹkan le? Ẹ wo dùndún. Awọ ò ní dún bí ọsán rẹ̀ kò bá nà. Bóòtù náà nìyẹn. Bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì, ọ̀pá bóòtù ń nà bí ọsán, ó sì ń fẹ́ sún kì, òun ló ń fa irin méjì pọ̀. Nínà yẹn kéré débi pé ojú ò lè rí i. Bóòtù líle tí gígùn ibi tó dè jẹ́ 100 mílímítà, bí ẹ bá fún un dáadáa, kò nà ju ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà kan lọ. Bébà ìwé kíkọ méjì tí ẹ tò léra nìyẹn. Òun ni gbogbo agbára tó de ẹ́ńjìnnì yín mọ́lẹ̀, bébà méjì.

Ẹ wá wo pákó. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì tó wúwo lé e, ẹ fi bóòtù fún un, epo ń kán sí i, omi ata ń kán sí i, ó ń gbọ̀n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣé pákó yẹn ò ní rì ní ìwọ̀n bébà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Bó bá ti rì báyẹn, ọsán ti dẹ̀, dùndún ti kú. Nọ́ọ̀tì ò yí rárá, ibi tí ẹ fi í sí náà ló wà. Ẹ ò lè fi nọ́ọ̀tì kankan láyé wo pákó sàn. Ẹ wá irin tó nípọn, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi tẹ́ abẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dípò wọ́ṣà kékeré, kí ẹrù náà lè tàn ká orí igi. Bí owó bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré, kí wọ́n ri bóòtù ìjókòó mọ́ ọn. Èyí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, àní ṣáájú ti sàlẹ́ńsà, torí ẹ́ńjìnnì tí ìdí rẹ̀ bá ń jó, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò máa tú.

Ẹ ò dárúkọ ẹ́ńjìnnì yín, ṣùgbọ́n wíìlì irin ńlá méjì àti ọwọ́ tí ẹ fi ń yí i ti tú u fó. Irú èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní Lísítà ni. Ilé iṣẹ́ Lister tó wà ní Dursley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1929, wọ́n sì ṣe é títí di 1987. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà lónìí, àwọn ará Íńdíà ní Rajkot ló ṣe àwòkọ rẹ̀. Ẹyọ ikùn kan ló ní. Oní-6 agbára ẹṣin máa ń yí ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 39,000 láàárín wákàtí kan. Bí ẹ bá fi wákàtí 8 lọ ata lóòjọ́, ó ti lé ní 300,000. Gbogbo ìyípo méjì ni iná ń gbá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo gbígbá yẹn ló sì ń gbo sàlẹ́ńsà síwá-sẹ́yìn. Kò sí mọ́tò tó ń jìyà bẹ́ẹ̀ lójú títì Warri sí Sapele.

Gbígbo síwá-sẹ́yìn yẹn ni ọ̀tá. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ẹ̀ńjíníà ti rò pé fífà sókè-sódò ló ń tú nọ́ọ̀tì. Ní 1969, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gerhard Junker fi hàn pé ìsúnra sí ẹ̀gbẹ́ ló burú jù. Ó kan ẹ̀rọ kan tó ń ti irin tí bóòtù dè sọ́tùn-ún sósì, tó sì ń wọn bí agbára ìdè ṣe ń lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì lásán kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó yí kúrò fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé inú ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ yí àpò gàrì tó jókòó sílẹ̀, ẹ máa làágùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti ń wọ́ ọ lọ, ọmọdé lè fi ìka ti ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ilẹ̀ ò dì í mú mọ́. Irin méjì tó ń sún sí ẹ̀gbẹ́ ń ṣe bíi ti àpò yẹn: ìdímú abẹ́ nọ́ọ̀tì lọ, ti inú tírẹ́ẹ̀dì lọ, nọ́ọ̀tì sì ti wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ká yípo náà ni tírẹ́ẹ̀dì. Yóò máa yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nínú irú ìdánwò yẹn, wọ́ṣà onísípíríǹgì ò ran nọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ tó fún nọ́ọ̀tì parí ló ti pẹlẹbẹ, ó ti di wọ́ṣà lásán. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yín á jiyàn. Ọ̀gá tó kọ́ èmi náà níṣẹ́ ní Mushin jiyàn rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo bóòtù tó bá dè ló sì ń fi í sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ le, ó mọ bí a ti ń fún bóòtù. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, wọ́ṣà ló ń gba ìyìn.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì tó tú jẹ́ ti ọjà àti abọ́ ẹ̀gúsí nìkan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2002, ọkọ̀ ojú irin kan yọ kúrò lójú irin ní Potters Bar, lápá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Èèyàn 7 kú. Níbi tí ojú irin ti ń pínyà ni wàhálà ti ṣẹlẹ̀, àwọn nọ́ọ̀tì tó yẹ kó di ọ̀pá ibẹ̀ mú ti tú, àwọn mìíràn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ bóòtù sàlẹ́ńsà kan, kí ẹ mú un dání. Èyí ṣe pàtàkì ju owó tó wà lọ́wọ́ yín lọ, nítorí pé tírẹ́ẹ̀dì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni Lísítà ń lò, èyí tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841, ínṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀tì tó kún ọjà lónìí, mílímítà ni. Bóòtù ààbọ̀ ínṣì jẹ́ 12.7 mílímítà, ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀ lára 12. Bí ẹ bá fi tipátipá yí ọ̀kan mọ́ èkejì, á kọ́kọ́ há, ẹ ó rò pé ìyẹn ni híhá tí mo ń sọ, kẹ́ẹ tó mọ̀, tírẹ́ẹ̀dì ti jẹ. Àmì rẹ̀ rọrùn: bí spánà tó wà nílé bá há jù lórí nọ́ọ̀tì àtijọ́, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì tóbi jù, ẹ fura pé ínṣì ni.

Bó bá jẹ́ pé bóòtù náà wọ ihò já sí òdìkejì, ẹ má wulẹ̀ wá nọ́ọ̀tì oníínṣì. Ẹ ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì tuntun pa pọ̀, oní-mílímítà, tí wọ́n jọ bá ihò mu. Bó bá jẹ́ ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́ orí ẹ́ńjìnnì ni, tí kò ṣeé yọ, tí ẹ ò sì rí ẹlẹ́nu títẹ̀ tó bá a mu, ẹ lo nọ́ọ̀tì méjì lórí ara wọn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń ṣe èyí, ìdajì wọn ló ń ṣe é sódì. Nọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ ló ń kọ́kọ́ wọlé, ó máa wà nísàlẹ̀, ẹ fún un níwọ̀nba. Èyí tó nípọn ló máa wà lókè. Ẹ wá fi spánà kan di ti ìsàlẹ̀ mú kó má yí, kí ẹ fi èkejì fún ti òkè pẹ̀lú gbogbo agbára. Nọ́ọ̀tì òkè ló ń ru ẹrù, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ló nípọn.

Ní ìsọ̀ onínọ́ọ̀tì, ẹ wo orí bóòtù. Bí ẹ bá rí 8.8 níbẹ̀, ó dára. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀, ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́: bóòtù rírọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì líle, nọ́ọ̀tì á jẹ tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ 8 sí lára ni ọkọ 8.8, oní-10 sì ni ti 10.9. Bí páálí nọ́ọ̀tì bá ṣì wà, DIN 980 tàbí ISO 7042 lára rẹ̀ túmọ̀ sí onírin pátápátá, DIN 985 sì ni onírọ́bà. Páálí kì í sábà sí, mo mọ̀. Ẹ lo ìka yín. Ẹ mú bóòtù tí ẹ mú wá, kí ẹ yí nọ́ọ̀tì sí i níwájú ẹni tó ń tà á. Ó gbọ́dọ̀ wọlé wẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀, kó wá há. Èyí tó bá fi ọwọ́ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ti di nọ́ọ̀tì lásán, kò yẹ kó gba owó nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Èyí tí kò bá gbà rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n yín.

Irú mìíràn tún wà tí inú mi dùn sí fún sàlẹ́ńsà. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bàbà bò ni, pupa rẹ̀ á máa dán, ẹnu tirẹ̀ náà a máa ní títẹ̀. Lára ibi tí èéfín ti ń jáde nínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì ni ẹ ti lè rí i. Bàbà yẹn kì í jẹ́ kí ooru àti ìpẹtà lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù. Àwọn tó ń tú ọkọ̀ tòkunbọ̀ palẹ̀ máa ń kó o sínú agolo, wọn kì í mọ iyì rẹ̀. Bó bá jẹ́ àlòkù, ìdánwò ìka tí mo sọ yẹn náà ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ará etídò fẹ́ràn irin tí kì í dípẹtà, mi ò sì dá yín lẹ́bi, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń jẹ irin bí ikán. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún un níbí. Nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu títẹ̀ tí kì í dípẹtà lórí bóòtù tí kì í dípẹtà, bí kò bá sí gíríìsì láàárín wọn, wọ́n lè gbé ara wọn mọ́ra lójijì, ẹ ò ní lè dè é síwájú, ẹ ò ní lè tú u sẹ́yìn, ayùn ló kù. Ìdí kejì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ó ku fífi í sí. Apá tó rí róbótó ló ń kojú wọ́ṣà, apá títẹ̀ ló ń wà lóde. Ẹ kán epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí tírẹ́ẹ̀dì. Ní ti sàlẹ́ńsà, gíríìsì aláwọ̀ bàbà tí ooru kì í sun ló dára jù. Ẹ má lo bóòtù tó kúrú: ẹnu òkè ni agbára nọ́ọ̀tì yìí wà, nítorí náà, ó kéré tán, tírẹ́ẹ̀dì méjì gbọ́dọ̀ yọ kọjá orí rẹ̀. Kí ẹ sì fún un gidi. Bóòtù 8.8 tó nípọn tó mílímítà 12, èyí tí ẹ ń fi spánà 19 tú, ẹ ní láti fa òpin spánà tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà bí ẹni ń fa ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì, ó lé díẹ̀, kí ẹ wá fi agbára tí nọ́ọ̀tì fi ń há kún un. Ìyẹn á fi ìdè tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin sínú bóòtù kan ṣoṣo. Bóòtù kékeré oní-spánà 13 kò gba ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yẹn, ẹ má já a.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kì í ná èèyàn ju owó páìpù lọ. Bóòtù sàlẹ́ńsà sábà máa ń kúrú, bóòtù kúkúrú kì í sì í nà: bí gígùn ibi tó dè bá jẹ́ 20 mílímítà péré, nínà rẹ̀ ò tó bébà kan. Bí páálí tó wà láàárín irin méjèèjì bá jó díẹ̀, ó dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà yín, ẹni tó fẹ́ jó o pa yẹn, gé páìpù irin tó nípọn ní 40 tàbí 50 mílímítà, kí ẹ ki bóòtù gígùn bọ inú rẹ̀, kí páìpù náà wà láàárín nọ́ọ̀tì àti ojú sàlẹ́ńsà. Ọsán ti gùn sí i nìyẹn, ó ti ní ààyè láti nà.

Ní ti jíjó nọ́ọ̀tì pa, ẹ ṣeun tí ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Iná wẹ́dà ń ba líle bóòtù jẹ́, ọjọ́ tí sàlẹ́ńsà bá sì lù ni ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ti ara yín mọ́lé. Bákan náà ni àwọn tó ń gbé nọ́ọ̀tì lásán sórí irin, tí wọ́n fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ kó lè wọ́ bíi ti ilé iṣẹ́. Mo ti ṣe é rí nígbà tí ilẹ̀ ṣú bá mi lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ó gbé mi délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo yọ ọ́, torí òòlù ò mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Bí ẹ bá ti tú ẹlẹ́nu títẹ̀ tí ẹ tún dè é lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dá a padà. Híhá rẹ̀ ń dínkù nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tú u láìnídìí.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti le, ẹ mú kútẹ́ẹ̀sì pupa, kí ẹ fa ìlà kan láti orí bóòtù kọjá ara nọ́ọ̀tì dé orí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, kí ọmọ yín tó yí ẹ́ńjìnnì, kó wò ó. Bí ìlà bá ti ṣẹ́, nọ́ọ̀tì ti yí. Lórí bóòtù ìjókòó, ìlà lè má ṣẹ́ kí pákó sì ti rì, nítorí náà spánà ló máa yẹ ìyẹn wò. Ti ara sàlẹ́ńsà, kútẹ́ẹ̀sì lè jóná, ẹ fi ayùn fa ìlà tíńtín dípò rẹ̀.

Ìdí kejì tí mi ò fi fẹ́ irin tí kì í dípẹtà nìyí. Ẹ bá mi wá òòfà ńlá tó wà nídìí gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́, àwọn tó ń tún rédíò ṣe á fún yín ní owó kékeré. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ wé e, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu ibi tí ẹ̀gúsí ti ń já bọ́ sínú abọ́. Òòfà á fa nọ́ọ̀tì irin, á fa ìṣó, ẹ ó sì rí eruku irin dúdú tó ń jẹ kúrò lára pléètì ìlọta lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irin tí kì í dípẹtà, òòfà kì í fà á, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí ẹ sì fi páànù kan dí àárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí àwọn oníbàárà ń to abọ́ sí.

Ìyá Urhobo yẹn ńkọ́? Bó bá tún gbé ẹ̀gúsí wá, ẹ bá a lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó rí òòfà náà.